Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ òfurufú tó ń mu epo ilé epo: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti Adó-Èkìtì

Sátidé, 13 Oṣù Bélú 2021

Ẹrù dé lónìí. Àbúrò ìyàwó mi tó ń gbé ní Houston ló fi í sínú kọ̀nténà pẹ̀lú fíríìjì mẹ́ta àti àwọn táyà tòkunbọ̀. Oṣù mẹ́rin gbáko la fi retí rẹ̀. Àwa mẹ́rin la gbé e sọ̀kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi lọ́nà Ìjàn. Ìyàwó mi yọjú, ó wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀, ó ní, "Ṣé torí irin yìí lẹ ṣe ń pe Houston lóru?" Mi ò fèsì.

Ẹ́ńjìnì Continental A-65-8 ni. Sìlíńdà mẹ́rin, méjì kọjú sí méjì, agbára ẹṣin 65 nígbà tó bá ń yí ìgbà 2,300 ní ìṣẹ́jú kan. Kò wúwo ju nǹkan bíi kílò 77 lọ. Kò ní sítátà, kò ní bátìrì. Ọwọ́ la fi ń yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kó tó jí. Irú rẹ̀ ló wà nímú ọ̀pọ̀ Piper J-3 Cub, ọkọ̀ òfurufú kékeré aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà títí di 1947. Táńkì Cub kan náà bá a wá, gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà 12 ló ń gbà, ìyẹn nǹkan bíi lítà 45. Gééjì rẹ̀ kò ní wáyà iná kankan: okùn irin tín-ín-rín kan ló yọ sókè láti inú ìdérí, kọ́ọ̀kì wà nídìí rẹ̀ nínú epo, irú kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń dé ìgò wáìnì. Bí epo bá ga, irin náà ga. Bí epo bá lọ sílẹ̀, irin wọlé. Awakọ̀ á máa wò ó níwájú gíláàsì bó ṣe ń fò lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ mú mi lójú ni àbàwọ́n etí ẹnu táńkì yẹn. Lókè, ó ní àwọ̀ aró, bí etí àdìrẹ tí kò tíì gbẹ. Mo fi èékánná ha á, pupa bí osùn ló wà lábẹ́. Ẹni tó bá ti bá ọkọ̀ òfurufú kéékèèké ṣiṣẹ́ rí á ka ìtàn ẹ́ńjìnì yìí níbẹ̀ bí ẹni ń ka ilà ojú. Láyé ìgbà kan, epo 80/87 ni wọ́n ń pa láró pupa, òun sì ni oúnjẹ irú ẹ́ńjìnì yìí. Nígbà tí 80/87 bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n, 100LL aláwọ̀ búlúù ló gba ipò rẹ̀. Èyí tó wà níwájú mi yìí ti mu méjèèjì.

Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa pè mí ní wèrè: ẹ́ńjìnì yìí kò ní fò. Zaria ni mo ti kọ́ṣẹ́, ní ilé-ẹ̀kọ́ ọkọ̀ òfurufú tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1964, mo sì lo ọdún tó pọ̀ ní Ìkẹjà kí n tó fẹ̀yìn tì wálé. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga máa ń wá ṣe IT lọ́dọ̀ mi. Wọ́n lè ya mágínẹ́tò, ẹ̀rọ tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná láìsí bátìrì, sórí pátákó fún ọ, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́ ìró rẹ̀ rí. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ, kí ooru rẹ̀ kàn wọ́n lójú. Ó tán.

Oṣù Ọ̀pẹ 2021

A tú u. Púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ ló ní, méjì sí sìlíńdà kan. Mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀ kún fún kóóro kéékèèké aláwọ̀ eérú, wọ́n le, wọ́n sì wúwo ju bí wọ́n ṣe rí lọ. Òjé ni. Mo fi ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ iṣẹ́ mi kó wọ̀n ọ́n wò, mo wá ní kó lọ fi ọṣẹ fọwọ́ kó tó sún mọ́ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Mo sọ ti Zamfara fún un, ọdún 2010, nígbà tí òjé inú erùpẹ̀ ìwakùsà góòlù pa ọ̀pọ̀ ọmọdé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fọwọ́.

Inú epo ni òjé yẹn ti wá. LL tó wà nínú orúkọ 100LL túmọ̀ sí pé òjé rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó kéré sí ti epo 100 tó ṣáájú rẹ̀ ni, kì í ṣe sí ti 80/87. Lítà kan 100LL lè gbé òjé tó gíráàmù 0.56, 80/87 kò gbọdọ̀ ju 0.14 lọ. Ìlọ́po mẹ́rin nìyẹn. Ẹ́ńjìnì tó jẹ́ pé 6.3 sí 1 péré ló ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ kì í gbóná tó láti lé òjé tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ jáde, ni òjé bá ń jókòó sórí púlọ́ọ̀gì àti sí ọrùn fáàfù. Fún irú ẹ́ńjìnì yìí, epo mọ́tò tí kò ní òjé tilẹ̀ mọ́ ju epo olówó ńlá náà lọ.

Mo fi afẹ́fẹ́ 80 psi (psi ni ìwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tì tó) dán sìlíńdà wò, mo ka èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dá dúró: 74, 72, 61, 76. Fáàfù ló ń jò nínú ìkẹta. A lọ̀ ọ́ fún ọjọ́ méjì, ó di 71. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Sátidé, 8 Oṣù Ṣẹrẹ 2022

Ọ̀rọ̀ epo dé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ IT bi mí pé, "Bàbá, ṣebí kẹrosíìnì ni ọkọ̀ òfurufú ń mu?" Ìbéèrè gidi ni. Jet A-1 ti àwọn ọkọ̀ ńlá ń mu, ẹbí kẹrosíìnì ni lóòótọ́, òun náà sì ni ìròyìn máa ń sọ nígbà tí wọ́n bá ní epo ọkọ̀ òfurufú ti wọ́n. Àmọ́ ẹ́ńjìnì tó ní písítìn àti púlọ́ọ̀gì, ọmọ ìyá ẹ́ńjìnì mọ́tò ni, bẹntiróòlù ló ń mu. Bí o bá da Jet A-1 sí i, o ti pa á.

Mo pe Èkó nípa 100LL. Wọ́n dá iye owó dírọ́ọ̀mù kan lé mi, owó ọkọ̀ dé Adó sì wà lọ́tọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ilé epo ló kù. Àwọn tí ẹ̀rù epo mọ́tò ń bà máa ń sọ ti octane, ṣùgbọ́n octane kọ́ ni wàhálà ẹ́ńjìnì yìí. Nọ́ńbà octane ló ń sọ bí a ṣe lè fún epo mọ́ra tó kó tó bú fúnra rẹ̀, kí ẹ́ńjìnì tó bẹ̀rẹ̀ sí í nọ́ọ̀kì. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wọ̀n ọ́n: RON máa ń ga, MON tí wọ́n ti fi ooru àti eré dán an wò máa ń kéré sí i. Epo tí RON rẹ̀ bá jẹ́ 91, MON rẹ̀ kì í jìnnà sí 82. Ohun tí ìwé A-65 béèrè ni 73. Àyè ṣì pọ̀ níbẹ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti dán èyí wò tipẹ́. Ní 1982, EAA, ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ òfurufú kéékèèké, gba ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní STC lọ́wọ́ FAA, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú níbẹ̀, pé ọkọ̀ kékeré Cessna 150 lè máa mu epo mọ́tò. Lẹ́yìn náà, àwọn irú ọkọ̀ mìíràn wọlé, ilé-iṣẹ́ Petersen ní Nebraska náà sì gba tirẹ̀ fún oríṣiríṣi. Ọwọ́ wọn le lórí nǹkan kan: ọtí kò gbọdọ̀ sí nínú epo náà. Ohun kejì tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni pé epo mọ́tò tètè máa ń di èéfín ju epo ọkọ̀ òfurufú lọ. Epo ọkọ̀ òfurufú kò gbọdọ̀ kọjá 7 psi bí wọ́n bá wọn agbára èéfín rẹ̀. Epo mọ́tò lè ga ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Mo ka méjèèjì sókè fún àwọn ọmọ náà. Mo ní ti ọtí kò kàn wá, a kì í po ọtí mọ́ epo ní Nàìjíríà.

Ẹ rántí gbólóhùn yẹn.

Sátidé, 22 Oṣù Ṣẹrẹ 2022

Ó jí!

Wẹ́dà ti so irin ìdúró pọ̀ láti ọjọ́ Wẹsidé, bóòtù mẹ́rin dè é mọ́ kọnkéré, táńkì wà lókè kí epo lè máa fúnra rẹ̀ sàn wá sínú kàbúrétọ̀ bí ó ṣe ń ṣe nínú Cub. Mo ra lítà 40 ní ilé epo kan nítòsí, ₦165 lítà kan, sínú kẹ́ẹ̀gì méjì. Mo fi àrọ onírin rọ ọ́, mo fi wáyà so àrọ àti táńkì pọ̀ kí iná mànàmáná ara ike má bàa ta. Gbogbo ìtọ́jú tó yẹ ni mo ṣe, àfi ẹyọ kan.

Èmi ni mo yí abẹ̀bẹ̀. Òfin mi lórí abẹ̀bẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ó wà láàyè nígbà gbogbo, kódà bí wọ́n bá búra fún ọ pé wọ́n ti pa suwíìṣì. Mágínẹ́tò kì í bèèrè bátìrì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo fa abẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin kó lè mu epo, mo ní kí wọ́n tan án, mo fà á wálẹ̀, mo sì fà sẹ́yìn. Mágínẹ́tò ké "káṣà". Kò dìde. Ẹ̀ẹ̀kejì, "káṣà", ó wúkọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló bú jáde, èéfín funfun bo gbogbo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, adìẹ ilé kejì fò kọjá ògiri. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, ìró rẹ̀ dẹ̀, ó wá ń dún pẹ̀lẹ́ bí ẹ̀rọ ìránṣọ tó ga lóhùn.

Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ṣiṣẹ́. Ọ́ìlì dára, ooru dára. Ọmọ iṣẹ́ mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo irin gééjì bó ṣe ń wọlé díẹ̀díẹ̀.

Wẹsidé, 2 Oṣù Èrèlé 2022

Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn rẹ̀. Mo dé láàárọ̀, irin gééjì ti wọlé pátápátá, bí ẹni pé táńkì gbẹ. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti jí epo fà. Mo ṣí ìdérí, epo wà níbẹ̀ ju ìdajì lọ. Kọ́ọ̀kì ló ti rì.

Mo fà á jáde. Ó ti rọ̀ bí ẹ̀wà tó pẹ́ nínú omi, ara rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, àwọn èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ oyin sì ń bọ́ lára rẹ̀. Mo pa ẹnu epo, mo yọ asẹ́ ìdí táńkì: èèpo kan náà ló dí i dé ìdajì. Nínú ife gíláàsì tí epo ń gbà kọjá kó tó dé kàbúrétọ̀, omi kan tó rí ràkọ̀ràkọ̀ bí omi ìrẹsì ti jókòó sí ìsàlẹ̀. Ká ní ọkọ̀ tó ń fò ni, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ò bá máa wo gééjì tó ń purọ́ nígbà tí ìdọ̀tí ń dí ọ̀nà epo rẹ̀.

Bàbá Káfíńtà tó wà ní ìkángun wa ló dá ọ̀rọ̀ náà mọ̀, kì í ṣe èmi. Wọ́n wá wò wá bí wọ́n ṣe máa ń wá láràárọ̀. "Ẹ kú uṣẹ́ o." Wọ́n gba kọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, wọ́n fi àtàǹpàkò àti ìka fún un, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

"Sẹ́láàkì rèé. Ta ló da sípírítì sí i?"

Mo ní, "Bàbá, kò sí sípírítì ńbẹ̀. Epo ni."

"Epo kì í tú sẹ́láàkì. Ọjọ́ tí mo ti ń kun àga, bí sẹ́láàkì bá gan mọ́ búrọ́ọ̀ṣì mi, bí mo rẹ ẹ́ sínú epo dọ̀la, kò ní ṣí. Sípírítì nìkan ló ń gbọ́ tiẹ̀."

Wọ́n lọ sílé, wọ́n mú èèpo sẹ́láàkì gbígbẹ wá nínú bébà àti ìdajì ìgò sípírítì tí wọ́n fi ń po ó. A tò ó sí ìdérí ike mẹ́ta lórí bẹ́ǹṣì: ọ̀kan pẹ̀lú sípírítì, ọ̀kan pẹ̀lú epo àtijọ́ tó ṣẹ́ kù nínú jẹnẹrétọ̀ mi láti Oṣù Bélú, ìkẹta pẹ̀lú epo tó wà nínú táńkì. Nígbà tí oòrùn fi dé àtàrí, ti sípírítì ti di omi aláwọ̀ oyin. Ti epo jẹnẹrétọ̀ wà bí a ṣe fi í sí. Ti táńkì, etí rẹ̀ ti rọ̀, bí mo ṣe fi irin kàn án ló fà bí gọ́ọ̀mù.

Mo bú ara mi. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Láyé àtijọ́, fánísì tó dà bí sẹ́láàkì ni wọ́n ń fi kun irú kọ́ọ̀kì yìí, ọtí sì ni ọ̀tá rẹ̀. Àwọn tó ní Cub ní Amẹ́ríkà ti jìyà rẹ̀ lọ́wọ́ epo oní-ethanol. Mo mọ̀ ọ́n lórí ìwé. Káfíńtà mọ̀ ọ́n lọ́wọ́.

Tọ́sìdeè, 3 Oṣù Èrèlé 2022

Ẹyọ kan tí mi ò ṣe ní 22 Ṣẹrẹ, mo ṣe é lónìí. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sì ná mi ní kọ́bọ̀. Ife gíláàsì gíga kan tó ní ilà láti 0 dé 100 ni mo lò. Mo da omi sí i dé 10, mo fi epo kún un dé 100, mo fi àtẹ́lẹwọ́ dé e, mo mì í dáadáa, mo gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi àti epo kì í bára wọn gbé, wọ́n á ya ara wọn. Bí epo bá mọ́, ilà tó pín wọn á padà sí 10. Bí ọtí bá wà nínú rẹ̀, ọtí á sá kúrò lára epo lọ bá omi, ilà náà á sì gòkè.

Epo jẹnẹrétọ̀: 10.

Epo táńkì: 17.

Mo tún un ṣe. 17. Ohun tó gba ibẹ̀ lọ sínú omi nínú ìdá 90 epo yẹn tó 7. Mo gbé ife náà sí ojú fèrèsé kí gbogbo wọn rí i, mo sì fi bírò sàmì sí ibi tí ilà wà.

Tọ́sìdeè, 10 Oṣù Èrèlé 2022

Rédíò ti sọ ọ́. Epo tí methanol inú rẹ̀ ju ohun tí òfin Nàìjíríà gbà lọ ni wọ́n kó wọ orílẹ̀-èdè yìí, wọ́n ti ń kó o kúrò lórí àtẹ. Methanol, ọtí ni, májèlé sì ni pẹ̀lú. Bí ìròyìn yẹn ṣe jáde ni ìlà gbòde ní ilé epo. Láti Fájùyì, mọ́tò tò dé ibi tí mi ò lè fojú rí òpin rẹ̀. Mi ò bá ọmọ tó ta epo fún mi jà. Kò sí bó ṣe lè rí methanol pẹ̀lú ojú lásán.

Nírọ̀lẹ́, aládùúgbò mi kan tó ń wa takisí kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n, mo rí kẹ́ẹ̀gì méjì lẹ́yìn ilé yín. Ẹ tà á fún mi ní ₦400 lítà kan, ẹ jọ̀ọ́."

"Kò dáa."

"Kò dáa kẹ̀? Ṣebí òun lẹ fi ń tan ẹ́ńjìnì ọkọ̀ òfurufú? Ti mọ́tò wá le jùyẹn lọ?"

Mo mú un lọ sídìí fèrèsé, mo fi ife hàn án, mo ṣàlàyé. Ó wo ife, ó wò mí, ó ní òun ti mọ̀ pé mi ò fẹ́ tà á ni. Ó di ọjọ́ kẹta kó tó kí mi.

Lítà 27 ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì méjì yẹn lẹ́yìn tí mo fa táńkì gbẹ. Mi ò lè dà á sí gọ́tà, kànga àwọn ará ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀. Mi ò lè tà á. Mo fi ọ̀dà pupa kọ MÁ LÒ Ó sí i lára, mo tì í mọ́ inú yàrá irin.

Sátidé, 19 Oṣù Èrèlé 2022

Mo tú kàbúrétọ̀. Stromberg NA-S3 ni, fúlóòtì rẹ̀ bàbà ni, òun kò ní wàhálà. Abẹ́rẹ́ tó ń pa ẹnu epo ló bàjẹ́: rọ́bà tó wà ní ṣóńṣó rẹ̀ ti wú, kò jókòó dáadáa mọ́. Mo ní òmíràn nínú àpò tó bá ẹrù wá. Rọ́bà epo tí mo rà lọ́jà pẹ̀lú ti le, ó ti ń ya níbi tó ti ká. Mo sọ ọ́ nù, mo fi páìpù aluminíọ̀mù rọ́pò gbogbo ibi tí kò bá ti nílò láti mì.

Gééjì ló gba gbogbo ọ̀sẹ̀. Mi ò fẹ́ kọ́ọ̀kì mọ́. Ọkùnrin tó ń tún fíríìjì ṣe gé páìpù kọ́pà kan fún mi, ó jó ìdí méjèèjì pa. A sọ ọ́ sínú omi gbígbóná, afẹ́fẹ́ kankan kò jò jáde nínú rẹ̀. A sọ ọ́ sínú báàfù omi, ó léfòó, ó ń jó. Inú wa dùn. Mo so ó mọ́ irin gééjì, mo tì í sínú epo.

Ó rì gúlọ́ńgọ́.

Àwọn ọmọ IT rẹ́rìn-ín títí, mo sì jẹ́ kí wọ́n rín in. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Lítà epo kan kò ju bíi kílò 0.73 lọ. Ohun tó bá fẹ́ léfòó nínú epo gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ju ohun tó ń léfòó nínú omi. Ohun tí mo ń kọ́ wọn látọdún yìí wá nìyẹn, èmi náà sì lọ fi báàfù omi dán fúlóòtì epo wò.

Sátidé, 26 Oṣù Èrèlé 2022

Mẹkáníìkì kan ní Ajílósùn ló tú mi sílẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, kí lẹ ń ṣe fúlóòtì tuntun sí? Inú kàbúrétọ̀ mọ́tò àtijọ́ kún fún un." Ó wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó mú fúlóòtì bàbà kan jáde láti inú kàbúrétọ̀ tí òkè rẹ̀ ti fọ́. ₦500. Inú epo ni wọ́n ti bí i, inú epo ló ti gbé. Ó gba ẹnu táńkì kọjá pẹ̀lú àyè bí ìbú ìka kan.

Ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ sí ti kọ́ọ̀kì, nítorí náà àmì tó wà lára irin gééjì kò wúlò mọ́. Mo ní láti rí epo tó dára kí n tó lè sàmì tuntun, epo kò sì sí. Mo dúró.

Sátidé, 12 Oṣù Ẹrẹ́nà 2022

Ìlà ti ń dínkù. Lítà 40 láti ilé epo mìíràn. Ní ẹ̀gbẹ́ pọ́ǹpù níbẹ̀ ni mo ti yọ ife mi jáde, mo ra ìlàjì lítà ṣáájú, mo mì í, mo dúró. Ọmọ tó ń ta epo rò pé ìjọba ló rán mi, ó lọ pe máníjà. Máníjà wá, ó rí i pé ilà padà sí 10, ó ní kí n fi í han àwọn tó wà lórí ìlà. Mo di olùpolówó lọ́sàn-án gangan.

Mo fi awọ rírọ̀ tí àwọn afọmọ́tò fi ń nu gíláàsì bo ẹnu àrọ, epo gbà á kọjá, omi kò gbà. Lítà márùn-ún, mo sàmì. Lítà márùn-ún, mo sàmì, títí dé 40. Mo fi fáìlì ha àmì náà sára irin kí ó má bàa parẹ́. Àlàfo ìsàlẹ̀ gùn ju ti òkè lọ nítorí bí táńkì ṣe tẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni mo fa abẹ̀bẹ̀ tó fi dìde. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún ogójì ìṣẹ́jú. A pa á ká lè jẹun (uyán ni, kò ṣeé fi sílẹ̀ kó tutù). Nígbà tí a padà dé lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì wákàtí, oòrùn ti mú gan-an. Ó dìde, ó kú. Ó dìde, ó kú. Mo wo páìpù epo: mo ti gbé e kọjá lókè sàlẹ́ńsà, kò jìnnà tó ìbú ọwọ́ kan sí i. Mo fọwọ́ kàn án, mo yára gba ọwọ́ mi padà. Epo ti ń hó nínú páìpù náà. Èéfín ló ń lọ sí kàbúrétọ̀, kì í ṣe epo. Ohun kejì tí mo kà sókè fún wọn ní Oṣù Ṣẹrẹ nìyẹn, ó sì dúró dè mí níbi tí mo ti yí páìpù sí.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo yí i gba ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ó máa sọ̀kalẹ̀ láti táńkì dé kàbúrétọ̀ láìsí ibi tó ti tún gòkè, mo sì fi páálí aluminíọ̀mù dá ooru sàlẹ́ńsà dúró. A tún ìdánwò kan náà ṣe lábẹ́ oòrùn kan náà. Kò kú mọ́.

Sátidé, 30 Oṣù Igbe 2022

Wákàtí mọ́kànlá lápapọ̀. Lítà bíi 15 ló ń mu ní wákàtí kan nígbà tí a bá fún un ní eré tó yẹ. Mo yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ: àwọ̀ erùpẹ̀ gbígbẹ, kò sí kóóro òjé kankan nísàlẹ̀. Sìlíńdà ìkẹta ti di 73, òun fúnra rẹ̀ ti ń jókòó dáadáa sí i. Ọ́ìlì ń sun díẹ̀ nídìí páìpù ọ̀pá fáàfù ìkejì, ìyẹn ló kàn.

Epo tó bá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ nínú táńkì, jẹnẹrétọ̀ ilé ló ń lọ báyìí. Epo mọ́tò kì í pẹ́ bí epo ọkọ̀ òfurufú; ó máa ń di gọ́ọ̀mù. Ife ìdánwò ti ní pátákó tirẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ọmọ iṣẹ́ mi kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ṣí kẹ́ẹ̀gì kí ó tó mì tirẹ̀, títí kan ti jẹnẹrétọ̀.

Kẹ́ẹ̀gì méjì onílẹ́tà pupa ṣì wà nínú yàrá irin. Aládùúgbò onítakisí wá lánàá, ó ní òun fẹ́ yá ife.